Ìró Aago Mẹ́fà

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù, ìró náà sì bẹ̀rẹ̀. Kọ́, kọ́, kọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún dún: kọ́, kọ́, kọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Julius Ọláníyan gbé ìwé ìròyìn tó ń kà sórí itan, ó na ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama, dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀bà lọ́wọ́. Ìdí tẹlifíṣọ̀n, lábẹ́ aṣọ ìbora aláró kan, ni ìró náà ti ń wá.

"Stephen ti dé," ni bàbá náà sọ, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àǹtí Susanna, àbúrò rẹ̀ obìnrin, yọ láti ilé ìdáná. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ tí a ti sin, kí ló tún ń kanlẹ̀kùn fún? Mo ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ aládùúrà wa. Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n á wá, wọ́n á gbé ẹ̀rọ yẹn lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n á sun ún."

"Wọ́n á sun kí ni?"

"Ẹ̀rọ yẹn."

"Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà yìí, kó kọ́kọ́ gbé èmi."

Ṣìkẹ́mi gbé abọ́ sórí tábìlì. "Dádì, kì í ṣe Bọ̀dá Stephen. Ó jọ pé háàdì, ibi tí ẹ̀rọ yẹn ń kó nǹkan pamọ́ sí, ló ń kú lọ. Bí háàdì bá ń kú lọ, bó ṣe máa ń dún nìyẹn."

Bàbá rẹ̀ yí ojú sí i. Kò pariwo. Kì í pariwo.

"Olúwaṣìkẹ́mi."

"Sà."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta."

Stephen ni àkọ́bí ilé náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ fẹ́ da àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ nù, ó tọrọ ọ̀kan, ó gbé e lé èjìká láti ibùdókọ̀ Ìgàndó wá sílé. Ó tú u, ó tún un tò, ó sì sọ ọ́ di ibi tí gbogbo fóònù ilé ń kó nǹkan pamọ́ sí. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú rẹ̀ ní sáfà. Stephen pè é ní Àká, nítorí pé bàbá rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nípa àká iṣu tí wọ́n ní ní Ìjerò-Èkìtì nígbà tó wà lọ́mọdé. Lákọ̀ọ́kọ́ bàbá náà ní òun kò rí iṣu kankan nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ jẹ́ kí n fi àwòrán ìyá Stephen hàn yín. Ó wà nínú Àká."

Ìyá wọn ti kú láti ìgbà tí Ṣìkẹ́mi wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ìsìn, Stephen a gbé fóònù sáàárín tábìlì, a sì máa bi bàbá rẹ̀ léèrè: irú ènìyàn wo ni bàbá bàbá wọn? Ta ló kọ́ ọ níwèé? Báwo ló ṣe dé Èkó? Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan kì í ṣe onísọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà mọ bí a ṣe ń bi í títí yóò fi rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn, ìbéèrè Stephen àti ìdáhùn bàbá rẹ̀, inú Àká nìkan ni wọ́n wà. Stephen ní òun máa ṣe ẹ̀dà wọn síbòmíràn. Ibà kan ló mú un, tí gbogbo ilé rò pé yóò lọ. Kò lọ.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, bàbá rẹ̀ wọ yàrá rẹ̀, ó mú aṣọ tí ọmọ náà máa ń bora sùn, ó fi bo Àká mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí àwọn ará ilé máa ń da aṣọ bo rédíò kí eruku má wọ̀ ọ́. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rọ náà. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀, ínfátà sì ń gbé e. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni ìró náà bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́fà gééré, àkókò tí Stephen máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, tí yóò fi kọ́kọ́rọ́ kan irin ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, Ṣìkẹ́mi àti Jésùtóbi jọ ń bọ̀ láti ilé ìwé. Jésùtóbi ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwọn. Òun náà fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, ọ̀dọ̀ Stephen ni àwọn méjèèjì sì ti kọ́ ọ.

"Ṣé ó ṣì ń kanlẹ̀kùn?"

"Kì í ṣe ilẹ̀kùn."

"Mo mọ̀ jàre. Inú ẹ ò dùn, mo ní kí n pa ẹ́ lẹ́rìn-ín ni." Ó sún mọ́ ọn. "Wò ó, ó rọrùn. Ní ọ̀la, Dádì yín ń lọ síbi ẹ̀kọ́ Bíbélì. A ó yọ háàdì yẹn. A ó fi páálí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lábẹ́ aṣọ bó ṣe wà. Mo ní fóònù kan tójú ẹ̀ ti fọ́, màá gba kọ́-kọ́-kọ́ yẹn sínú ẹ̀, kó máa dún ní aago mẹ́fà. Dádì yín á máa gbọ́ Stephen wọn, Àǹtí yín á máa ta òróró sí i, ìwọ á rí háàdì ẹ gbà. Ta ló máa mọ̀?"

Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó ní, "Kí n máa fi òkú ẹ̀gbọ́n mi tan bàbá mi jẹ lójoojúmọ́."

"Ìtùnú ni, kì í ṣe ìtànjẹ."

"Tóbi, o ò lójútì."

"Mo ní in. Ilé ni mo fi í sí."

Ó bú u, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a dé ilé. Ó rọrùn lóòótọ́. Kò ní sí ìjà, kò ní sí ẹ̀bẹ̀.

Ó jókòó sórí ibùsùn rẹ̀, ó sì fi fóònù wọ inú Àká láti yàrá. Bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Kò fọwọ́ kàn án. Háàdì a máa ṣọ́ ara rẹ̀. Bí ibì kan lára rẹ̀ kò bá ṣe é kà mọ́, ó máa ń kà á mọ́ àwọn àpá rẹ̀, ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò sì lè rí iye àpá náà. Ṣìkẹ́mi wò ó. Iye náà ti fi ìlọ́po méjì ju ti àná lọ. Ooru ara rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó yẹ lọ.

Síbẹ̀, Stephen ti kìlọ̀ fún un pé kó má tètè dá háàdì lẹ́bi. Wáyà tó tú díẹ̀ lè mú kí háàdì tó dára máa ṣe bí aláìsàn. Fáànù tó ń gbá wáyà lè máa dún kọ́-kọ́-kọ́. Iná tí kò tó náà lè fa irú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn, àfi kí ó ṣí ẹ̀rọ náà kó tó lè mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló rí ohun kan tó mú un jókòó pẹ́. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti yàn fún Àká: pé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí ó máa yẹ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ṣì pé. Stephen ló yàn án.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dé fìlà, ó mú Bíbélì rẹ̀, ó jáde. Àǹtí Susanna tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí Jésùtóbi fi yọ lójú fèrèsé pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn oníná fi ń tú nǹkan.

"Wọ́n ti lọ. Ṣe kíá."

Ṣìkẹ́mi di etí aṣọ náà mú. Aṣọ náà ṣì ń rùn bí ọṣẹ tí Stephen fi ń wẹ̀, tàbí òun ló rò bẹ́ẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí Jésùtóbi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka gbá irin fèrèsé.

"Máa lọ sílé," ni ó wí.

"Kí ló tún dé?"

"Ojú wọn ni màá ti ṣe é."

"Dádì ẹ? Orí ẹ pé ṣá? Wọ́n á gbá ẹ létí."

"Kí wọ́n gbá a. Etí mi ni."

Jésùtóbi mi orí, ó fẹ́ máa lọ.

"Tóbi."

"Kí ni?"

"Fi tẹ́sítà yẹn sílẹ̀."

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù. Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan ti wà lórí àga rẹ̀. Àǹtí Susanna ń ṣa ẹ̀wà. Ṣìkẹ́mi wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Dádì, mo fẹ́ ṣí Àká." Kí wọ́n tó dáhùn, ó ti dìde, ó ká aṣọ náà kúrò, ó ṣẹ́ ẹ po dáadáa, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Bàbá náà dìde, ó na aṣọ náà sí i. "Dá a padà."

"Rárá, sà."

Àǹtí Susanna dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Ṣìkẹ́mi, ta lò ń sọ rárá fún?"

Ọmọ náà kò kúrò níwájú ẹ̀rọ. "Dádì, bí mo bá ṣe tán, ẹ nà mí. Mi ò ní sá. Àmọ́ mi ò ní dá aṣọ yẹn padà. Ó ń sun ẹ̀rọ náà. Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Aṣọ ọmọ mi ni."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ máa fi bora. Ẹ̀yin ló yẹ kó mú móoru, kì í ṣe ẹ̀rọ."

Bàbá náà na ọwọ́, ó gbé e lé orí ẹ̀rọ. Kò pẹ́ tó fi yọ ọ́.

"Ṣé mo sọ?" ni Àǹtí Susanna wí. "Irú ìgbóná yẹn kì í ṣe ojú lásán."

"Àǹtí, áyọ́ọ̀nù yín náà máa ń gbóná."

Ṣìkẹ́mi pa ẹ̀rọ náà, ó tú ìdérí rẹ̀. Eruku inú rẹ̀ tó fi kún kóńgò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń ṣàlàyé, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fi nǹkan pamọ́. "Ó lè jẹ́ fáànù. Mo ti so gbogbo wáyà kúrò lọ́nà ẹ̀. Ó lè jẹ́ wáyà háàdì. Mo ti fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí Bọ̀dá Stephen fi sínú dúrọ́ọ̀. Ó lè jẹ́ pé fíríìjì ń fa iná mọ́ ọn lọ́wọ́; mo ti yọ ọ́ kúrò níbi tí wọ́n jọ wà. Mo máa tàn án padà. Bí kò bá dún mọ́ ní aago mẹ́fà, ọ̀ràn wáyà ni, mo sì ti ṣe Dádì níyọnu lásán. Bó bá dún, háàdì fúnra rẹ̀ ni."

Ó tàn án. Wọ́n dúró. Aago lù.

Kọ́, kọ́, kọ́.

Ojú bàbá náà là. "O gbọ́ ọ? O ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, ó sì tún wá. Stephen ni."

"Stephen ló rán an níṣẹ́, sà." Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sórí tábìlì. "Ó ní kó máa yẹ ohun gbogbo wò ní aago yìí. Ẹ wo ibí. Mo dá iṣẹ́ náà dúró."

Ìró náà dákẹ́.

"Mo ṣí àwòrán ọjọ́ ìbí Àǹtí." Àwòrán náà yọ, pẹ̀lú fìlà bébà lórí Àǹtí Susanna. Kò sí ìró. "Ẹ jẹ́ kí n ṣí èyí." Ojú kọ̀ǹpútà dúró gan-an. Kọ́, kọ́, kọ́. "Ibẹ̀ ló ti ní àpá. Ó fẹ́ kà á, kò lè kà á, ó ń padà lọ gbìyànjú. Gbogbo ìgbà tó bá ń gbìyànjú ló ń dún. Bó bá sì ṣe ń dún, bẹ́ẹ̀ ni àpá náà ń fẹ̀."

"Kí ló wà níbi tó lápàá yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú, sà. Tiyín àti ti Bọ̀dá Stephen."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan jókòó. Aṣọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó tì í. Ó ń bàjẹ́, mo ń gbádùn rẹ̀."

Ṣìkẹ́mi lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀bi bàbá rẹ̀. Kò sọ ọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Pa á, kó sinmi."

"Bí mo bá tún pa á, ó lè má jí mọ́. Àyà mi já nígbà tí mo pa á lẹ́ẹ̀kan. Àsìkò yìí tó ṣì ń mí la gbọ́dọ̀ kó ohun tó wà nínú ẹ̀." Ó fa háàdì kékeré kan yọ, èyí tí Stephen máa ń kó fíìmù sí. Ó ti pa gbogbo fíìmù inú rẹ̀ rẹ́ láàárọ̀. "Mi ò mọ bí yóò ṣe pẹ́ tó. Ó lè má pẹ́ tó láti kó gbogbo rẹ̀. Dádì, kí ni ká kọ́kọ́ kó?"

"Àwòrán ìyá yín," ni Àǹtí Susanna wí.

"Àwòrán rẹ̀ ṣì wà lára ògiri," ni bàbá náà dáhùn. "Ohùn Stephen. Bí kò bá sí àyè, yọ tèmi kúrò."

"Inú ẹyọ kan náà ni ohùn yín méjèèjì wà, sà. Kò ṣe é yà."

Ó bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Susanna wo ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀ náà títí, ó gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í, ó ń fẹ́ ẹ. Ó ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀ bó ṣe ń fẹ́ ẹ, kò sì ṣòro láti gbọ́ pé ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún báyìí ni kí Àká má tíì kú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kọjá láìfarapa. Èkejì kọjá. Ìkẹta pẹ́, ó dún, ó kọjá. Báyìí ni wọ́n ṣe kó mẹ́sàn-án. Ó ku méjì, àwọn tó gbẹ̀yìn kí àìsàn tó dé. Ṣìkẹ́mi gbìyànjú èyí tó ṣáájú nínú wọn. Ìró náà dún kíkankíkan, ó yí padà di ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń pọ́n ọ̀bẹ, ó sì dákẹ́. Wọn kò tún gbọ́ ohùn háàdì náà mọ́.

Wọ́n pàdánù ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Wọ́n pàdánù ọ̀pọ̀ àwòrán. Ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ló kù.

Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Susanna pe ẹgbẹ́ aládùúrà, ó ní kí wọ́n wá gbàdúrà fún ilé, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé kẹrosíìnì dání. Kó tó padà sí ilé rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gba ẹ̀dà ọ̀rọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó kó o sísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Òun náà ló ní kò bójú mu kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ilé kan ṣoṣo.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àǹtí lọ, Ṣìkẹ́mi gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wá. Ó ti ń retí ìbáwí láti Ọjọ́bọ̀ yẹn.

"Ọjọ́ wo lo ti mọ̀ pé háàdì ni?" ni bàbá rẹ̀ bi í.

"Mo ti fura láti ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀, sà."

"Bí o bá ṣí i lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Ó ronú bóyá kí òun pa irọ́. "Bóyá à bá kó mọ́kànlá."

"Kí ló dá ọ dúró?"

"Ẹ ní kí a má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan mi orí. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ohun tí ẹ kò bá fẹ́ pàdánù, ẹ má fi í síbì kan ṣoṣo. Ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé àgbà ń ṣe àṣìṣe tí yóò pa á lára, ẹ wí fún un. Ẹ má lọ gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe é, ẹ má sì fi irọ́ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì gbà láti jẹ ìyà tó bá tẹ̀ lé e. Ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́.

"O sọ rárá fún mi," ni bàbá náà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀?"

"Màá tún sọ ọ́, sà. Ọjọ́ kejì gan-an ni màá sọ ọ́."

Bàbá rẹ̀ ti abọ́ ọbẹ̀ sí àárín tábìlì.

"Jókòó," ni ó wí. "Fọ ọwọ́ rẹ, ká jọ jẹun."